Èso tí ó ti gba àrùn láti oko

Ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo ni èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màámi, ti ń ta èso, ìbẹ́pẹ ni ó sì máa ń dá gbólóhùn asọ̀ sílẹ̀ láàárín wa àti ọlọ́kọ̀ tí ó ń kó ọjà wá. Bí a bá gbà á ní tútù, ara rẹ̀ a máa dán láìní àbàwọ́n. Ìgbà tí ó bá ń pọ́n lórí àtẹ ni àmì roboto kéékèèké yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ, tí ojú wọn yóò wọnú díẹ̀, tí ohun kan tí ó ń yọ̀, tí ó sì pupa rúsúrúsú, yóò sun jáde láàárín wọn. Màámi a ní oòrùn ni. Ọlọ́kọ̀ a ní ọwọ́ wa ni ó le.

Oníbàárà wa kan tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni ó là mí lóye pé olú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Colletotrichum ni. Òjò ni ó ń gbá a láti ara ewé àti ẹ̀ka tí ó ti kú bọ́ sára èso tí kò tíì gbó. Yóò wọ abẹ́ awọ, yóò sì ba síbẹ̀ títí èso yóò fi pọ́n. Ó jọ ohun tí mo ti ń rí lára máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, nítorí àwọn tí ó dé lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ dáadáa ni àmì dúdú ń bò jù. Mo ní, “Màámi, ẹ má dá oòrùn lẹ́bi mọ́, láti oko ni.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ṣé oko náà ni yóò wá dá owó mi padà?”

Ti ọsàn yàtọ̀. Penicillium digitatum, olú tí ń ba ọsàn jẹ́, kì í rí ọ̀nà wọlé bí awọ kò bá ní ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n èékánná, ẹnu apẹ̀rẹ̀ tí ó ṣá àti ọsàn tí a gbọ̀n lulẹ̀ dípò kí a fi àlùmágàjí gé e, gbogbo wọn ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ rọ̀, yóò funfun, lẹ́yìn náà ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé yóò bò ó. Bí ènìyàn bá fa irú ọsàn bẹ́ẹ̀ yọ lójijì, ìyẹ̀fun náà yóò fò bo gbogbo èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí mo fi ń ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, tí mo ń gbá ọsàn náà mú, kí n tó yí ọ̀rá náà bò ó. Rhizopus, olú onírun eérú tí ó ní orí dúdú roboto kéékèèké, burú jù ú lọ, nítorí pé láti ara èso kan ni ó ti ń rá bọ́ sára èkejì tí kò ní ọgbẹ́ rárá.

Àwọn tí ń kó máńgòrò lọ sí òkè òkun a máa rì í sínú omi gbígbóná tí ó tó 52°C fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí olú abẹ́ awọ lè kú. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ agboòrùn, torí pé bí omi náà bá gbóná jù díẹ̀, awọ èso yóò bó. Fíríìjì tí àwọn kan ń dárúkọ náà kò bá ìbẹ́pẹ tútù mu: òtútù tí kò tó 10°C ń ṣe é ní jàǹbá, kì í sì í pọ́n dáadáa mọ́.

Ohun tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí ni gígé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò kí a sì ta ìyókù ní ẹ̀dínwó. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí fọ́nrán olú a máa rìn wọnú èso rírọ̀ kọjá ibi tí ojú rí, àwọn kan nínú wọn a sì máa tu májèlé. Màámi ní bí a bá kọ̀, àwọn tí ń lọ èso fún mímu yóò yà sí ìsọ̀ kejì. Àwọn kan sì ti ń yà síbẹ̀ lóòótọ́.