"Ínsúlínì àìpé" kọ́, "ínsúlínì àìgé" ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká máa pe proinsulin, èròjà tí ara ń gé kó tó di ínsúlínì tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ní "ínsúlínì àìpé" lédè Yorùbá torí pé kò tíì di ínsúlínì. Ọ̀rọ̀ yẹn sọ ọ́ sódì. Ohun tí kò pé, a ó fi nǹkan kún un ni. Ti proinsulin, ṣe ló lé. Ásíìdì àmínò (àwọn ẹyọ tí a fi mọ purotéènì) 86 ló so kọ́ra nínú tèèyàn, ínsúlínì fúnra rẹ̀ ò ju 51 lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì nínú pankiríásì, ni àwọn ẹ́ńsáìmù ti ń gé e: wọ́n á yọ C-peptide, ègé tó ní ásíìdì àmínò 31, kúrò láàárín, ásíìdì àmínò mẹ́rin á já dànù lójú ibi tí wọ́n gé, ìyókù á di ínsúlínì. Ẹ wá jẹ́ ká pè é ní "ínsúlínì àìgé".

"Ìyá ínsúlínì" tí ẹnì kan mú wá dùn létí, àmọ́ ìyá wo ló ń tú ká di ọmọ? "Ínsúlínì tútù" ńkọ́? Ẹni tó ń tọ́jú ínsúlínì tirẹ̀ sínú fíríìjì á gbọ́ nǹkan mìíràn.

Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì (ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "ìpele kejì", kí aláìsàn má baà rò pé ti àkọ́kọ́ ló burú sí i), ínsúlínì àìgé tó ń bá ínsúlínì gidi wọ ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ agbára rẹ̀ lórí ṣúgà kéré gan-an. Lọ́dún 1967 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Donald Steiner ní Chicago ti fi hàn pé proinsulin wà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ìgbà náà ń ka méjèèjì pọ̀ bí ínsúlínì. Ẹni tí ínsúlínì rẹ̀ ò tó á wá dà bí ẹni tó ní ànító. "Àìpé" ò lè ṣàlàyé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ó ku "àìsun ínsúlínì" tẹ́ ẹ fẹ́ lò fún àléébù inú bí ara àwọn alátọ̀gbẹ yìí ṣe ń tú ínsúlínì jáde. Ẹni tó bá kà á láìsí àmì ohùn á máa wá ìwé ìsìn àìsùn òkú kiri! Yàtọ̀ síyẹn, kì í ṣe pé kò sun (ìyẹn, pé kò ṣàn jáde) rárá. Èyí tó yẹ kó tú jáde wàrà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ṣúgà bá gòkè ló ń pòórá. Èyí tó ń rọra tẹ̀ lé e ṣì ń jáde, bí ò tiẹ̀ tó. "Ìtújáde ínsúlínì tó mẹ́hẹ" ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀.