Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí àbúrò mi lo àgúnmu yìí?

Ẹ kú ilé o. Kubwa, l'Abuja, la wà. Mọ́tò gbókìtì pẹ̀lú àbúrò mi lọ́nà Lọ́kọ́ja. Iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ òsì náà sì bà jẹ́. Dókítà ní ti ọwọ́ lè máa hù padà ní bíi mìlímítà 1 lójúmọ́, torí àwọn ọmọ ogun ara (àwọn tó ń bá àìsàn jà nínú ara) tètè ń kó pàǹtírí iṣan tó bà jẹ́ kúrò níbẹ̀. Ti ọ̀pá ẹ̀yìn ò rí bẹ́ẹ̀: pàǹtírí ń pẹ́ nílẹ̀, wíwú tí àwọn ọmọ ogun ara ń dá sílẹ̀ sì lè ba ibi tí kò fara pa jẹ́.

Màmá wa wá lọ ra àgúnmu tó ń “fún ọmọ ogun ara lágbára.” Agbára kí wọ́n fi ṣe kí ni? Síbẹ̀, dókítà tún ní ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn yìí ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù. Ìtọ̀ rẹ̀ ń rùn, ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ ti pọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí méjì-méjì là ń yí i, òru pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú rẹ̀, báwo lẹ ṣe dènà egbò? Báwo ni mo ṣe máa bá Màmá sọ ọ́ tí kò fi ní bínú? (Òkè àdúrà, a ti lọ.) Ta ló mọ onífisió tó ń wá sílé ní Kubwa?