Ọjọ́ kan péré la ní ní Guangzhou, ibo la máa kó àwọn ọmọ lọ?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti ń lọ ra ọjà ní Guangzhou, ọdún yìí lèmi àtàwọn ìbejì fẹ́ tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ojoojúmọ́ ló máa wà lọ́jà àfi Sátidé kan ṣoṣo tó yọ̀ǹda fún wa. Mi ò fẹ́ káwọn ọmọ yìí dé Ṣáínà kó wá jẹ́ páálí ọjà nìkan ni wọ́n máa rántí, mo fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan àtijọ́ tàwọn onílùú. Àdúgbò Xiaobei nínú ìlú náà la máa dé sí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ká lọ tẹ́sẹ̀ wọn á gbà?

Bọ̀dá Mókọ́lá: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Ìyá Ìbejì. Ilé ẹbí Chen ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú, ẹ tètè débẹ̀ kérò tó pọ̀. Chen Clan Academy lorúkọ ibùdó tí ẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀ nínú tíréènì abẹ́ ilẹ̀, Line 1. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn bí agboolé: àwọn tó ń jẹ́ Chen káàkiri ìpínlẹ̀ Guangdong ló dáwó jọ kọ́ ọ, wọ́n parí ẹ̀ ní 1894, káwọn ọmọ wọn tó bá wá ṣèdánwò ìjọba nígboro lè ríbi dé sí. Wọ́n fagi lé ìdánwò yẹn ní 1905 àmọ́ ilé ṣì wà digbí. Kí wọ́n gbójú sókè wo orí òrùlé o, ère èèyàn, ẹyẹ, ẹranko tí wọ́n fi amọ̀ ṣe tò lọ rẹrẹ. Ọmọ mi obìnrin ń kà wọ́n títí ọrùn fi ń dùn ún, kò sì gbà ká kúrò níbẹ̀.

Alhaji Ọlọ́jà: Láti ibẹ̀ ibùdó kan péré ni Ximenkou, ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí Huaisheng, ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù ní Ṣáínà. Tí ẹ ò bá kírun wọ́n lè má jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, àmọ́ láti títì lẹ ti máa rí ilé gogoro tí wọ́n ti ń pèrun, ó ga tó mítà 36, wọ́n ní àwọn atukọ̀ ojú omi máa ń finá orí ẹ̀ mọ̀nà láyé àtijọ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún táwọn Lárúbáwá ti ń wá ra ọjà ní Guangzhou, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ mọ̀ pé ọ̀nà tí bàbá wọn ń tọ̀ yẹn, ó ti pẹ́ táwọn àlejò ti ń tọ̀ ọ́.

Àńtí Guangzhou: Ọ̀sán kẹ́ ẹ lọ sí Shamian, Huangsha lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀, Line 1 yẹn náà ni. Erékùṣù kékeré ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbà á lẹ́yìn ogun opium tí wọ́n bá Ṣáínà jà, ilé tí wọ́n kọ́ ṣì wà níbẹ̀, igi ńláńlá, mọ́tò ò pọ̀, ọmọ á sáré dáadáa. Ẹ má fi ọgbà ìtura Yuexiu kún un lọ́jọ́ kan náà o, òkè lẹ máa gùn níbẹ̀, á rẹ àwọn ọmọ.

Ìyá Ìbejì: Olúwa á bù kún gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Alhaji yẹn wọ̀ mí lára gan-an, bàbá wọn fúnra ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ṣé owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà?

Àńtí Guangzhou: Wọ́n ń gbà á, àmọ́ wọn kì í sábà ní ṣéńjì. Ẹ so káàdì báńkì yín mọ́ Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù, láti ilé, kẹ́ ẹ sì mú pásípọ́ọ̀tù gbogbo yín dání, tàwọn ọmọ náà.