Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ ló ń dà mí láàmú látọjọ́ yìí o

Ọmọ Ìpátá:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, màámi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ti pọ̀ jù lẹ́nu mi, wọ́n tún ní kí n má jẹ wàrà mọ́, èmi ọmọ Ìlọrin! Àgbo tí mo rà l'Ọjà Ọba nìkan, bí wọ́n bá dà á jọ á kún dúrọ́ọ̀mù.

Ìgbà tí mo rù tán ni wọ́n tó ki kámẹ́rà bọ̀ mí nídìí, wọ́n gé bíńtín lára awọ ìfun lọ yẹ̀ wò. Ulcerative colitis, àìsàn tó ń mú kí awọ ìfun ńlá wú kó sì dégbò. Mo ní dókítà, kòkòrò wo ló fà á? Wọ́n ní kì í ṣe kòkòrò, àwọn sójà ara mi tó máa ń gbógun ti àrùn fúnra wọn ló ń bá ìfun mi jà. Wọ́n ní nǹkan kan wà tó ń jẹ́ cytokine, òun ni sójà ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn, àfi bí ìgbà téèyàn pariwo "olè!" ládùúgbò tí gbogbo ilé tú jáde tigi tàdá. Nínú ìfun tèmi, kò sólè, ariwo ò sì dákẹ́. Cytokine tó ń jẹ́ TNF ń pe èrò, èyí tó ń jẹ́ IL-6 ń pe tiẹ̀, ibi tí awọ ìfun ti so mọ́ra wá ń ṣí, bakitéríà tó ti ń gbé inú ìfun jẹ́ẹ́jẹ́ ráyè wọ ibi tí kò yẹ kó dé, ìyẹn tún dá ariwo míì sílẹ̀. Ó di ọgbẹ́.

Oògùn kan, prednisolone, ló kọ́kọ́ pa ariwo náà, àmọ́ ojú mi wú, wọ́n wá ń kí mi pé mo ti sanra. Mi ò dáhùn.

Ìyá Ọ̀ffà:
Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Crohn's, àìsàn ìfun tó jọ tìẹ, ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, oògùn infliximab ni wọ́n ń fà sí i lára bíi dríìpù, TNF yẹn gan-an ló ń dì mú, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún Crohn's láti 1998. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ yẹ ikọ́ fée wò lára ẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ tó ń sùn! Wọ́n ní TNF wà lára ohun tó ń tì í mọ́lé, téèyàn bá mú un kúrò ó lè jí. Wọ́n fún un lóògùn ìyẹn ná.

Ọmọ Ìpátá:
Ha, ẹ ṣé mà. Oògùn mesalazine lèmi ń lò báyìí. Sátidé tó kọjá mo jẹ wàrà díndín mẹ́rin, màámi jókòó tì mí, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá. Mi ò dìde.