Ǹjẹ́ a lè dé Abẹ́òkúta tó wà ní Jàmáíkà ká sì padà kí ọkọ̀ ojú omi tó lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Jàmáíkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ní oṣù keje, ọkọ̀ ojú omi tí èmi àti màmá mi máa wọ̀ láti Miami yóò gúnlẹ̀ sí Montego Bay fún ọjọ́ kan péré. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa sọ̀ kalẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ti wọlé padà ní aago mẹ́rin. Aago Miami nìyẹn o. Aago mẹ́ta ni ti Jàmáíkà lásìkò yẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni màmá mi, ẹni ọdún 71. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé abúlé kan ń jẹ́ Abẹ́òkúta ní Westmoreland, ẹkùn kan ní Jàmáíkà, wọn ò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, kí àwọn sì kí wọn pé ẹ kú àtijọ́.

Etíkun nìkan ni ọkọ̀ wa ń mú èèyàn lọ. Mo bi awakọ̀ tákísí méjì: ọ̀kan ní wákàtí kan ààbọ̀ ni àlọ, ìkejì ní a ò ní bá ọkọ̀ mọ́. Máàpù mú mi dé Savanna-la-Mar, olú ìlú Westmoreland, àmọ́ ọ̀nà abúlé ò yé mi. Ọkọ̀ kì í sì í dúró de ẹni tó bá dá jáde.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí, láti èbúté Montego Bay dé abúlé náà, wákàtí mélòó gan-an ni àlọ àti àbọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́? Ṣé mọ́tò kékeré lè wọ ibẹ̀ tí òjò bá rọ̀?