Ta ni ọ̀gbẹ̀rì? Lórí orúkọ tí a fẹ́ máa pe òǹlò ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí,

Mo ti fara balẹ̀ ka gbogbo èrò tó ti wọlé lórí orúkọ tí a ń wá, fún àkójọ ọ̀rọ̀ wa, fún ẹni tó ń lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn láìjẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ rẹ̀ tàbí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ jẹ ẹ́ lógún. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí: òpè, òǹlò lásán, àti ọ̀gbẹ̀rì tí ọ̀pọ̀ yín ti tẹ́wọ́ gbà. Ní ti àwọn tí ẹ̀rọ ń dùn mọ́ nínú, tí wọ́n máa ń dán ìkànnì tuntun wò kí ẹlòmíràn tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹnì kan nínú wa dá akúndùn-ẹ̀rọ lábàá. Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá, nítorí kúndùn kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì gbé ẹnikẹ́ni ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀gbẹ̀rì ni n kò lè gbà.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn méjì tó kù. Lásán ń sọ pé ohun tí ẹni náà ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan. Òpè ní tirẹ̀ ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó mú ọ̀gbẹ̀rì wá ṣàlàyé pé kì í ṣe èébú, pé ẹni tí kò sí nínú awo ni, àti pé ọlọ́gbọ́n ènìyàn lè jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì láìsí àbùkù kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í dá rìn. Níbi tí a bá ti pe ẹnì kan ní ọ̀gbẹ̀rì, a ti gbà pé awo kan wà, pé àwọn kan ti wọ̀ ọ́, àti pé àìmọ ohun tí wọ́n mọ̀ ló jẹ́ kí ẹni yìí wà lóde. Gẹ́gẹ́ bí akúndùn-ẹ̀rọ ṣe máa ń ro àwọn aráalé rẹ̀ gan-an nìyẹn: wọ́n ṣì wà lórí Facebook nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì là wọ́n lóye, bí a bá sì là wọ́n lóye, wọn yóò kó ẹrù wọn. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí ní ti gidi?

Ní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ Cambridge Analytica, ilé iṣẹ́ tó ń lo ìsọfúnni àwọn ènìyàn fún ìpolongo ìbò, tàn kárí ayé. Facebook fúnra rẹ̀ sọ pé ìsọfúnni àwọn ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 87 lè ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Kò sí awo nínú èyí, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń kéde rẹ̀ tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òǹlò dúró síbi tí wọ́n wà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí WhatsApp gbé òfin tuntun jáde lórí bí yóò ṣe máa pín ìsọfúnni pẹ̀lú Facebook, èrò rọ́ lọ sórí Signal, áàpù ìfìwéránṣẹ́ mìíràn, débi pé ẹ̀rọ Signal fúnra rẹ̀ kọṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Àwọn tí a fẹ́ pè ní ọ̀gbẹ̀rì yìí gbọ́ ọ̀rọ̀, ó yé wọn, wọ́n sì dìde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú wọn ní àwòfín. Ó gbé áàpù tuntun náà sórí fóònù, ó ṣí i, ó rí orúkọ ènìyàn mẹ́ta tó mọ̀. Àwùjọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi àwòrán ọmọ tuntun sí ṣì wà lórí WhatsApp. Àwùjọ tí olùkọ́ ọmọ rẹ̀ ti ń kéde ọjọ́ ìdánwò, ibẹ̀ náà ló wà. Ó kọ̀wé sí àwọn ẹbí pé kí gbogbo wọn máa bọ̀, àwọn méjì dáhùn pé àwọn ń bọ̀, àwọn yòókù kò fèsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, áàpù méjèèjì wà lórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ń dún. Ohun tí akúndùn-ẹ̀rọ mọ̀ kò pamọ́ fún ẹni yìí. Ó tún mọ ohun kan tí akúndùn-ẹ̀rọ kò kà sí ìmọ̀, ìyẹn ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà.

Àwa tí a jẹ́ ọmọ èdè ló yẹ kí èyí tètè yé. Kò sí ẹni tó ń sọ èdè kan nítorí pé gírámà rẹ̀ gún régé ju ti òmíràn lọ. Ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ló ń yan èdè fún wa. Nítorí náà, nígbà tí a bá kọ ọ́ pé ẹnì kan yan Facebook, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tó yàn gan-an. Akúndùn-ẹ̀rọ ń wo ẹ̀rọ: ta ló ni ín, ṣé ìpolówó wà níbẹ̀, ṣé a lè kó ẹrù ẹni jáde. Ìbéèrè tó níyì ni gbogbo wọn, n kò sì ní fojú kéré wọn láé. Ṣùgbọ́n òǹlò ń wo ènìyàn. Àṣàyàn méjì ni, wọn kò sí lórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ọ̀rọ̀ Mastodon, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan tó jọ Twitter, fi èyí hàn kedere. Eugen Rochko ló gbé e jáde ní Jámánì ní ọdún 2016, ìlànà ActivityPub tó ń lò sì di ohun tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ayélujára, fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2018. Ìlànà náà ló ń jẹ́ kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì ró, tí ó ní alábòójútó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ímeèlì ṣe ń ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni. Nígbà tí Elon Musk wá fi dọ́là bílíọ̀nù 44 ra Twitter ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ èrò kọjá síbẹ̀. Kí ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà? Wọ́n ní kí wọ́n yan sáfà. Orúkọ sáfà tò lọ rẹrẹẹrẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú alábòójútó rẹ̀ àti òfin rẹ̀, àlejò kò sì mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ó wá orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò rí i, nítorí sáfà mìíràn ni ọ̀rẹ́ náà wà, ó sì lè gba pé kí ó kọ orúkọ sáfà náà mọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó lè rí i. Ó pa á dé. Àwọn akúndùn-ẹ̀rọ kan sọ pé ọ̀lẹ ni. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí ìbéèrè tí ènìyàn kò lè ní ìdáhùn sí kì í ṣe ìdánwò òye. Àwọn tó ń kọ́ Mastodon gan-an rí i bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2023 wọ́n tún áàpù wọn ṣe kí ẹni tuntun lè wọlé tààrà sí sáfà mastodon.social láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yan ohunkóhun.

Ìwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lórí Usenet, gbàgede ìjíròrò àtijọ́ kan lórí ẹ̀rọ, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn yunifásítì, oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń dé, àwọn àgbà ibẹ̀ a sì máa ráhùn títí àwọn àlejò yóò fi mọ ìṣe ilé. Láti ọdún 1993 sí 1994, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì bíi AOL ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníbàárà wọn, àlejò kò dáwọ́ dúró mọ́, àwọn àgbà náà sì sọ àkókò náà ní Oṣù Kẹsàn-án tí kò lópin. Àwọn tó fún un lórúkọ yìí kò béèrè ohun tí àwọn àlejò ń wá.

Ẹnì kan tún dábàá òǹdè, pé àwọn òǹlò yìí wà nínú ìgbèkùn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ju ti ọ̀gbẹ̀rì lọ. Òfin ọjà orí ayélujára tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn ilé iṣẹ́ ńlá láti oṣù Kẹta ọdún 2024, ó sì pàṣẹ pé kí WhatsApp ṣílẹ̀kùn fún áàpù mìíràn tó bá fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ilé iṣẹ́ ni òfin náà bá wí, kì í ṣe òǹlò. Síbẹ̀, òǹdè kò lè dúró, nítorí àwọn ènìyàn wọ̀nyí náà ló fi MySpace, ìkànnì tó gbajúmọ̀ ṣáájú, sílẹ̀ lọ sí Facebook láìsí awo kankan tó pè wọ́n, àwọn náà ló sì kọ Google+, ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ti Google, láti ọdún 2011 tó ti dé, pẹ̀lú gbogbo agbára Google lẹ́yìn rẹ̀, títí ilé iṣẹ́ náà fi tì í pa ní oṣù Kẹrin ọdún 2019.

Àbá tèmi ni pé kí a kọ òǹlò nìkan sínú àkójọ wa, kí a sì lo òǹlò ojoojúmọ́ níbi tó bá pọndandan láti ya á sọ́tọ̀ kúrò lára akúndùn-ẹ̀rọ. Kí ìtumọ̀ rẹ̀ kà báyìí: ẹni tó ń lo ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ nítorí àwọn tó wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀gbẹ̀rì sílẹ̀, kí ó jẹ́ fún títúmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tí àwọn akúndùn-ẹ̀rọ ń lò láàárín ara wọn, kí a sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ni. Ojoojúmọ́ gùn díẹ̀, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ tí kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá kí a tó ti àkójọ yìí.