Màmá dé láti Adó, ṣúgà wọn ń gòkè: fítámì wo ni kí n fún wọn?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ̀yin ará ilé, ta ló ṣì jí? Ẹ jọ̀ọ́. Màmá mi tó dé láti Adó lóṣù tó kọjá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, èsì sì dé nírọ̀lẹ́ yìí. HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, 45. Fítámì D 22. Ẹni ọdún 59 ni wọ́n, nǹkan oṣù wọn ti dúró tipẹ́. Ikùn wọn ti yọ síta, bẹ́ẹ̀ wọn ò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti sáré lọ ra cod liver oil, multivitamin, fítámì D, fítámì E àti blood tonic. Gbogbo ẹ̀ ló wà lórí tábìlì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ fún wọn? Àyà mi ò balẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìkéré, Houston: Ẹ ní sùúrù ná, àtọ̀gbẹ kọ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ yín, 42 sí 47, ó ṣì ń kanlẹ̀kùn ni. Tó bá di 48 ló wọlé. Ẹ má tíì fún wọn ní nǹkan kan lálẹ́ yìí. Kí ni genotype màmá? Bó bá jẹ́ AS, ẹ sọ fún dókítà, torí ó lè mú kí HbA1c má sọ òótọ́ tán.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́, Dublin: Ẹ ṣé, ará Houston. Ìyá Ìbejì, ẹ yí ìgò cod liver oil àti ti multivitamin sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ka iye fítámì A tó wà nínú wọn fún wa.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Cod liver oil, 800 micrograms. Multivitamin, 800 náà. Ó kọ retinol síwájú ẹ̀. Ṣé ó burú ni?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́, Dublin: Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1,600. Ní UK, wọ́n ní kí obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró má ṣe kọjá 1,500 lóòjọ́, oúnjẹ àti òògùn lápapọ̀. Ẹ ò tíì ka ẹ̀dọ̀ ẹran mọ́ ọn o. Bó bá pẹ́ tó ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lára, egungun ló máa ń jìyà ẹ̀, egungun ọ̀hún sì ti ń fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ látìgbà tí estrogen, èròjà ara obìnrin, ti lọ sílẹ̀.

Ẹ má sì bá màmá jà nítorí ikùn. Bí estrogen bá ti lọ sílẹ̀, ọ̀rá tó máa ń jókòó sí ìdí àti itan á ṣí lọ sí ikùn, kì í jẹ́ kí insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà nínú ara, ráyè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ fi téèpù wọn ikùn wọn. Bó bá ti kọjá 80 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú.

Àǹtí Ìjerò, Peckham: Ọ̀rọ̀ fítámì A yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Màmá ọkọ mi ni. Ọdọọdún ni mò ń di cod liver oil àti multivitamin sínú kágò fún wọn, tí mo sì ń sọ lórí fóònù pé kí wọ́n máa jẹ ẹ̀dọ̀ dáadáa kẹ́jẹ̀ lè wà lára. Nígbà tí wọ́n wá kí wa, wọ́n yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ kán. Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà bi mí ni pé kí ni wọ́n ń lò. Mo kó ìgò jáde, ó ní kí n dá a dúró.

Owó ibẹ̀ nìyẹn náà. GP, dókítà àdúgbò, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àlejò, àmọ́ bí wọ́n bá ti dá wọn dúró sí ọsibítù, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye iṣẹ́ náà ni wọ́n máa kọ sínú bíìlì. A ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ ra ìwé ìbánigbófò fún màmá.

Bọ̀dá Èfọ̀n, Toronto: Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Àmọ́ mi ò gbà pé fítámì ló kán ọwọ́ wọn. Bálùwẹ̀ tó ń yọ̀ ló kán an. Látìgbà tí wọ́n ti bí màmá tèmi ni wọ́n ti ń jẹ epo pupa, fítámì A ló kún inú ẹ̀, wọ́n sì ṣì ń gun òkè Èfọ̀n láì di ọ̀pá mú.

Àǹtí Ìjerò, Peckham: Mi ò sọ pé òun nìkan ló ṣe é. Dókítà ni ó lè wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́, Dublin: Bọ̀dá, ti epo pupa yàtọ̀. Beta-carotene ló wà nínú epo àti ẹ̀fọ́, ìwọ̀nba tí ara bá fẹ́ nìkan ló máa sọ di fítámì A. Ti ẹ̀dọ̀ àti cod liver oil, tí ìgò pè ní retinol, ti di fítámì A tán kó tó wọnú wa. Ẹ̀dọ̀ tiwa á wá máa kó o pamọ́. A kì í tọ̀ ọ́ dànù bíi fítámì C.

Bọ̀dá Èfọ̀n, Toronto: Ṣé ká wá da cod liver oil nù ni? Òun ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà!

Àǹtí Ìjerò, Peckham: Ta ló fi multivitamin kún un fún yín nígbà náà? Ṣíbí kan ni, a ó sì sá lọ sẹ́yìnkùlé lọ pọ̀ ọ́ dànù.

Ọmọ Ìkéré, Houston: Blood tonic yẹn nkọ́? Òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù nílò iron 14.8 mílígíráàmù lóòjọ́ ní UK. Bó bá ti dúró, 8.7 ti tó. A ra blood tonic fún àǹtí wa kan nítorí pé ojú wọn funfun. Wọ́n ń mu ún, ẹ̀jẹ̀ ò gòkè. Òògùn orúnkún tí wọ́n ń lò ló ti dá ọgbẹ́ sí wọn nínú, ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ. Ìgbà tí wọ́n dákú la tó mọ̀. Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ tẹ́jẹ̀ ẹ̀ bá lọ sílẹ̀, kí dókítà wá ibi tó ń jò.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ọlọ́run ó gbà wá. Mo ti gbé e kúrò. Fítámì D nkọ́? Ṣé ó máa fa ṣúgà náà wálẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́, Dublin: 22 kéré, kò tó 25, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí GP kọ èyí tó lágbára fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tó bá fẹ́, kẹ́ ẹ má da tiyín mọ́ ọn. Lẹ́yìn ẹ̀, 10 micrograms lóòjọ́; fún àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní ká lò ó yípo ọdún, kò dúró di ìgbà òtútù. Egungun àti iṣan lẹ máa torí ẹ̀ lò ó. Ní ti ṣúgà, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, wọ́n fún àwọn tí ṣúgà wọn wà bíi ti màmá ní 4,000 units lóòjọ́. Kò dín àtọ̀gbẹ kù débi tó ṣeé gbára lé. Kí ni màmá ń jẹ?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Iyán. Ọ̀sán àti alẹ́. Ìyẹ̀fun ni mò ń rò, mi ò ní odó.

Ọmọ Ìkéré, Houston: Ehn, ẹ ti rí i! Òkèlè ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kó kéré sí àtẹ́lẹwọ́. Kí ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀ àti ẹja títù bo iyán mọ́lẹ̀ nínú àwo. Fítámì D wà nínú títù yẹn. Kí wọ́n jẹ ẹ̀wà lálẹ́. Kí wọ́n sì rìn lẹ́yìn oúnjẹ.

Bọ̀dá Èfọ̀n, Toronto: Ọmọ Èkìtì lẹ ní kó dín uyán kù? Ulé uyì, ulé ẹ̀yẹ ti fẹ́ di ulé oats!

Àǹtí Ìjerò, Peckham: Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ iṣu gígé inú fíríìsà, ẹ má dá sí i. Iṣu gidi wà ní Peckham, à ń fọwọ́ kàn án ká tó rà á.

Ọmọ Ìkéré, Houston: Peckham wo? Tẹ́ ẹ bá gé e, inú ẹ̀ á ti dúdú. Houston ni iṣu wà, ibẹ̀ náà ni oòrùn wà. Àwa ò bá ẹnikẹ́ni du fítámì D.

Bọ̀dá Èfọ̀n, Toronto: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jáde kúrò nínú ọkọ̀, níbo loòrùn ti ń rí yín?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́, Dublin: Ẹ ti mú mi rántí Ọ̀yẹ́ o. Ìrọ̀lẹ́ Sunday, tí ọmọ odó á máa dún láti agboolé dé agboolé. Màmá wa fúnra wọn ló ń gún un, wọ́n sì ti rin oko lọ rin oko bọ̀ kí wọ́n tó jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó wọn ikùn nígbà yẹn.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Fítámì E yìí wá ńkọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n?

Àǹtí Ìjerò, Peckham: Ìyá Ìbejì, ọkọ mi ń bọ̀ ní Manchester lọ́jọ́ Sátidé. Á gbé odó kékeré kan bá yín. Màmá ni kó gún un o, kí wọ́n lè fi na ara.

Bọ̀dá Èfọ̀n, Toronto: Yàrá ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gún un. Tiwa níbí, aládùúgbò pe ọlọ́pàá.